Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Sọ̀rọ̀: Kíkọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì Nípa Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àti Eré Ṣíṣe

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́)

 

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni òrùlé tí ń jò àti àga tí kò tó. Ṣùgbọ́n nǹkan wọ̀nyẹn hàn sí gbogbo ojú, ẹ sì ti ń dá owó sí i láti ọdún dé ọdún. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò hàn sí ojú. Etí ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ọmọ wa yóò jókòó ti ìwé Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 6 ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yóò tún fi ọdún 6 kún un ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, síbẹ̀ bí àlejò bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ ní èdè náà, ọwọ́ ni yóò fi júwe, ilẹ̀ ni yóò sì máa wò. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ bí mo ti rí i. Mo sì fẹ́ sọ ọ̀nà kan tí mo mọ̀ pé ó ń tú ahọ́n ọmọ, èyí ni pé kí a jẹ́ kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì jíròrò lórí ọ̀rọ̀ tí ó ń dun ìlú tiwọn, kí wọ́n sì fi í ṣeré, kí olúkúlùkù bọ́ sí ipò ẹlòmíràn.

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún ọmọ tí ó fẹ́ lọ síwájú ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Bí ó ti wù kí ó mọ ìṣirò tó, bí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu ọ̀nà yunifásítì kì í ṣí fún un. Nínú ìdánwò JAMB pẹ̀lú, Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tí a fi dandan lé fún gbogbo ọmọ tí ó bá jókòó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tí ó wà lókè lè máa ti ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Àwa tí a wà nínú kíláàsì ni ìbéèrè tí ó kù wà lọ́rùn wa: báwo ni èdè náà yóò ṣe dé ẹnu ọmọ?

Bí a ṣe ń kọ́ ọ ní ibi púpọ̀ ni pé olùkọ́ yóò kọ ẹ̀kọ́ sí ojú pátákó, àwọn ọmọ yóò dà á kọ, wọn yóò kà á pọ̀ bí ẹni ń kọrin, wọn yóò sì fi ọ̀rọ̀ tí ó yẹ dí àlàfo mẹ́wàá. Èmi kò kẹ́gàn gírámà. Òun ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ orúkọ gbogbo irin iṣẹ́ tí ó wà ní àgbẹ̀dẹ lè má tíì rọ ọkọ́ kan rí. Ọmọ tí ó ti dí ẹgbẹ̀rún àlàfo kò tíì sọ ohun kan tí ó jẹ́ tirẹ̀. Gbólóhùn olùkọ́ ni, ọ̀rọ̀ inú ìwé ni, kò sì sí ìgbà kan tí ó béèrè nǹkan tí ó ń fẹ́ láti mọ̀, tàbí kí ó kọ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Èyí tí ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ni òfin tí ó ti pẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Yorùbá, pé ẹni tí ó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé ìwé yóò san owó ìtanràn tàbí kí ó jẹ ẹgba. Ọmọ tí a ní kí ó má sọ Yorùbá, tí kò sì tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ni yóò sọ? Yóò dákẹ́. Àwa àgbà yóò sì rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni.

Ọkàn mi kò lè gbàgbé iṣẹ́ tí Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́ ní ìṣirò, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ fún odidi ọdún 6. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́ yòókù, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa ni ó sì ń kọ́ wọn. Àwọn kan rò pé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn yóò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ohun gbogbo. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ tèmi ni pé èrò tí ọmọ bá ti rò já ní Yorùbá kì í dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà. Òun gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò rù jáde.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ wọ inú kíláàsì nísinsìnyí. A óò mú ọ̀rọ̀ kan tí kò sí agbo ilé tí kò mọ̀ ọ́n ní agbègbè Èjìgbò: Ṣé ó yẹ kí a fi ọmọ ọdún 14 ránṣẹ́ sí Àbíjáǹ kí ó tó jáde ìwé? Láti ayé àwọn bàbá wa, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣe ìjọba níbẹ̀, ni àwọn ènìyàn wa ti ń lọ ṣòwò ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé ọkọ̀ ń gbéra ní Èjìgbò tí ó ń gba Kùtọnù, Lomé àti Akra kọjá lọ sí Àbíjáǹ, a sì mọ owó CFA ní ọjà wa. Ilé púpọ̀ ni owó Àbíjáǹ kọ́, ọmọ púpọ̀ ni ó sì rán ní ìwé. Nítorí náà ìbéèrè yìí kì í ṣe èyí tí ọmọ yóò rí ìdáhùn rẹ̀ lẹ́yìn ìwé. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí bàbá rò, ọ̀tọ̀ ni ti ìyá, òdodo sì wà lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Olùkọ́ yóò pín ipò márùn-ún. Bàbá jẹ́ àgbẹ̀ tí owó ègé rẹ̀ kò tó san owó ìdánwò. Ìyá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin di nọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n bàbá ní ìsọ̀ ní ọjà Adjamé, ó sì ń wá ẹni tí ó ṣe é fọkàn tán. Olùkọ́ kíláàsì mọ̀ pé orí ọmọ náà pé. Ẹni karùn-ún ni ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi léèrè ohun tí ó ń fẹ́. A óò kọ ohun tí olúkúlùkù ń wá sí orí páálí pélébé fún un, láìjẹ́ kí àwọn yòókù rí i.

Ní ọjọ́ kìíní, wọn yóò fi Yorùbá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò yọ ojú sí mi níbi yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ wò kí wọ́n tó dá mi lẹ́jọ́. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ yóò kọ àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọn yóò lò sí ojú pátákó: ti owó ilé ìwé, ti iṣẹ́ kíkọ́, ti ìrìn àjò, ti ìlérí, àti ní pàtàkì jù lọ, gbólóhùn tí ènìyàn fi ń kọ ọ̀rọ̀ láìbínú, bíi "I see your point, sir, but..." Ní ọjọ́ kejì wọn yóò ṣeré náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ kẹta wọn yóò pààrọ̀ ipò, ẹni tí ó ṣe bàbá lánàá yóò di ọmọ, ẹni tí ó ṣe ọmọ yóò di ẹ̀gbọ́n bàbá. Èmi kì í yọ apá yìí sílẹ̀ rárá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà, àwọn baba wa ni wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin tí ó ti fi gbogbo agbára gbèjà bàbá ní ọjọ́ kejì yóò rí i ní ọjọ́ kẹta pé ọ̀rọ̀ òun fúnra rẹ̀ ni òun ń wá èsì fún, yóò sì máa wá Gẹ̀ẹ́sì kiri bí ẹni ń wá owó tí ó sọnù.

Ibi yìí ni olùkọ́ yóò ti gbọ́ àṣìṣe tí ìwé àlàfo kì í fi hàn. Yorùbá ní "ó" fún ọkùnrin, fún obìnrin, fún ewúrẹ́ àti fún àga. Gẹ̀ẹ́sì ní "he", "she" àti "it". Ọmọ tí ó gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá lórí ìwé yóò máa pe ìyá rẹ̀ ní "he" nígbà tí ọ̀rọ̀ bá gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀wọ̀. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa kò lè sọ pé bàbá rẹ̀ "ó ti lọ sí oko", "wọ́n" ni yóò wí. Nígbà tí ó bá wá di Gẹ̀ẹ́sì, yóò ní "My father, they have gone to farm". Olùkọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá yóò rò pé bàbá ọmọ náà ju ẹyọ kan lọ! Àwa tí a gbọ́ ọ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ilé ni ó ń sọ̀rọ̀. A óò yìn ín fún ẹ̀kọ́ ilé, a óò sì fi ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbà bọ̀wọ̀ hàn án.

Ohùn náà ńkọ́? Yorùbá kò ní ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bíi "chair" àti "church", nítorí náà "ṣ" ni ahọ́n wa máa ń sáré gbé. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá nínú eré bá fẹ́ sọ pé ọjà pọ́kú ní Àbíjáǹ, pé wọ́n "cheap", àgùntàn ni gbogbo kíláàsì yóò gbọ́, wọn yóò sì rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò tún ní gbàgbé ìyàtọ̀ méjèèjì mọ́ láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọmọ lẹ́nu nígbà tí eré ń lọ. Kí ó jókòó sí ẹ̀yìn pẹ̀lú ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ àṣìṣe tí ó gbọ́, kí ó má kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é. Bí eré bá parí, kí ó gbé márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ó wọ́pọ̀ jù sí ojú pátákó, kí gbogbo kíláàsì tún wọn ṣe. Gírámà dé nígbà yẹn, àwọn ọmọ sì ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe.

Ní ọjọ́ kẹrin wọn yóò kọ̀wé. Ọmọbìnrin náà yóò kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò kọ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ níwájú àpéjọ, ẹlòmíràn àròkọ fún ìwé ìròyìn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní kíláàsì àṣekágbá mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni WAEC ń béèrè. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé a ń fi àkókò ìdánwò ṣòfò.

Àwọn kan yóò sọ pé eré ni. Òótọ́ ni, eré ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1964, nígbà tí Hubert Ogunde ṣe Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn rí i pé eré náà wúwo tó láti fi òfin dè é pé kò gbọdọ̀ ṣeré ní gbogbo agbègbè náà. Kọ́lá Ògúnmọ́lá ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó di olóṣèré, bẹ́ẹ̀ sì ni Dúró Ládiípọ̀ ti Òṣogbo. Ní ilẹ̀ àwọn tí ó ni Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, Dorothy Heathcote fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Newcastle bí a ti í fi eré kọ́ni. Ìyá náà sì fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 14 láti lọ máa hun aṣọ ní ilé iṣẹ́ kí ó tó rí ọ̀nà padà sí ẹ̀kọ́.

Ẹ̀rù tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà jù lọ ni pé bí ọmọ bá ń jiyàn nílé ìwé, yóò gbé e wá sílé, yóò máa wo ojú bàbá rẹ̀ kankan. N kò fi ojú kéré ẹ̀rù yìí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, "you" ni ọba, "you" ni ọmọ ọwọ́. Ẹni tí a kò bá fi mọ̀ yóò rò pé èdè náà kò ní ọ̀wọ̀. Ó ní in, nínú ohùn àti nínú bí a ti ń to gbólóhùn ni ó fi í pamọ́ sí, ó sì yẹ kí a kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ọmọbìnrin tí ó ń ṣe ọmọ nínú eré yóò kúnlẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ń ṣe bàbá, yóò sì wà lórí ìkúnlẹ̀ sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé òun kò fẹ́ lọ. Èmi kì í ní kí ó dìde. Ọgbọ́n ọmọdé àti ọgbọ́n àgbà ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, àwa tí a sì ń jẹ́ orúkọ mọ́ Ifẹ̀, kò yẹ kí ó jẹ́ àwa ni yóò pa ẹnu ọmọdé dé.

Ti èrò púpọ̀ nínú kíláàsì kò le. Bí ọmọ 60 bá wà níbẹ̀, márùn-ún yóò ṣeré, àwọn yòókù yóò jẹ́ ìgbìmọ̀ tí yóò gbọ́ ẹjọ́, tí wọn yóò béèrè ọ̀rọ̀, tí wọn yóò sì kọ ìdájọ́ wọn sílẹ̀. Ariwo yóò wà. Kí ọ̀gá ilé ìwé fara dà á.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tí n kò jẹ́ gbé wọ kíláàsì: ọ̀rọ̀ oyè, ààlà ilẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú, àti ìjà ẹ̀sìn. Bẹ́ẹ̀ ni ohunkóhun tí ó bá kan ọmọ kan nínú kíláàsì náà tààrà. Bí ọmọ kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí oyún, ìwà ìkà ni kí a fi oyún ṣe eré ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n a lè jíròrò lórí oògùn olóró, lórí jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní Yàhúù, lórí kíkiri ọjà ní àkókò ilé ìwé, àti lórí ẹni tí ó yẹ kí ó máa gbálẹ̀ nílé, ọmọkùnrin tàbí ọmọbìnrin. Èyí tí mo dárúkọ gbẹ̀yìn yìí ni ó máa ń gbóná jù.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ará Àbíjáǹ fi etí sí ohun tí ó kù yìí. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní 2002, àti nígbà rògbòdìyàn ìbò ní 2010 sí 2011, àwọn ìdílé gbé ọmọ wọn padà wá sílé, títí di òní ni wọ́n sì ń gbé wọn wá fún ìdí mìíràn. Ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Faransé, ó mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí a sábà ń ṣe fún un ni pé a óò dá a padà sí kíláàsì àwọn tí ó kéré sí i, yóò ga láàrin wọn bí igi ọ̀pẹ láàrin ègé. Àwọn ọmọ yóò máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì yóò fi ìwé sílẹ̀, yóò sì wọ ọkọ̀ padà. Ọmọ tí ó ń gbọ́ èdè méjì ni a sọ di òmùgọ̀ nítorí ẹ̀kẹta.

Nínú eré Àbíjáǹ tí mo sọ, ọmọ yẹn ni ó mọ ọ̀rọ̀ jù. Òun ni ó lè sọ bí Adjamé ti rí, bí ẹni tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ti ń sùn, àti iye tí wọ́n ń san. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò yí i ká láti béèrè; ó di dandan kí ó fi ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tí ó ní dá wọn lóhùn. Faransé rẹ̀ pàápàá yóò ràn án lọ́wọ́, nítorí "table" àti "village" kò yàtọ̀ lójú ìwé nínú èdè méjèèjì, "famille" kò sì jìnnà sí "family". Mo ti rí ọmọbìnrin kan tí kò la ẹnu fún odidi sáà kan, tí ó jẹ́ pé bí ó ti di ẹ̀gbọ́n bàbá nínú eré ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún, ṣùgbọ́n gbogbo kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́ láti gbọ́ ọ.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ Ẹgbẹ́ kò ju wákàtí kan lọ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ bá wálé fún Iléyá, fún Kérésìmesì tàbí fún òkú ṣíṣe, bí ilé ìwé bá wà ní ẹnu iṣẹ́, ẹ fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé ìwé. Kí nọ́ọ̀sì wá, kí awakọ̀ wá, kí ẹni tí ó ń ta ọjà ní Adjamé wá, kí ó jókòó sí iwájú kíláàsì, kí àwọn ọmọ fi Gẹ̀ẹ́sì bi í ní ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe múra ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn gígùn wá. Ìdáhùn ni a ń fẹ́. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà ni ààyè. Kí ó fi Yorùbá dáhùn, tàbí Faransé bí ó bá ṣe pé òun ni ó yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu jù. A óò yan ọmọ méjì tí yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti máa túmọ̀ fún àwọn yòókù, ọ̀kan nínú wọn yóò sì jẹ́ ọmọ tí ó ti Àbíjáǹ dé.